Ta Ló Pa Líǹkì Náà?

Ní òpin ọdún 1990, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN nítòsí ìlú Geneva ní Switzerland, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ara kọ̀ǹpútà dúdú tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ń lò. Yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé sáfà ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ìkìlọ̀ náà kò pọ̀jù. Gbogbo wẹ́ẹ̀bù ayé, inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ló wà nígbà náà. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa á lálẹ́, kò sí wẹ́ẹ̀bù mọ́ nìyẹn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn tó ń kọ ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọgbọ́n tó dá a sílẹ̀ tàbí owó tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lójú tèmi, orí bébà yẹn ló yẹ kí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó fi hàn pé iṣẹ́ méjì ló ti wà láti ọjọ́ kìíní: iṣẹ́ ẹni tó dá ìkànnì sílẹ̀, àti iṣẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ kí àlejò má baà ṣìnà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ púpọ̀ nípa iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìkejì ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn níbí, nítorí ìtàn rẹ̀ kò fàyè gba ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́, pé ogbó ló ń pa líǹkì. Bí líǹkì bá kú, ẹnìkan ló pinnu pé kó kú, tàbí tó mọ̀ pé yóò kú tó sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọnù gan-an ló sì gbé Berners-Lee dé ìdí iṣẹ́ náà. Nínú àbá tó kọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1989, ó ṣàlàyé pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ ní CERN, pé ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti wá, àti pé bí ẹnìkan bá ti lọ, ìmọ̀ nípa ohun tó ṣe, ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀ àti ibi tó kọ àlàyé rẹ̀ sí a máa bá a lọ. Ìwé wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ohun tó dábàá ni pé kí wọ́n so àwọn àkọsílẹ̀ náà kọ́ra, kí ẹni tó bá ka ọ̀kan lè ti ibẹ̀ dé èkejì láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni líǹkì jẹ́ lára wẹ́ẹ̀bù. Òun ni ìdí tí wẹ́ẹ̀bù fi wà. Ìkànnì tí ojú-ìwé rẹ̀ dára lójú tí líǹkì rẹ̀ kò dé ibì kankan ti dá wa padà sí CERN ọdún 1989.

Kí ló wá dé tí ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọnù fi gba líǹkì láyè láti kú? Àwọn tó ṣáájú Berners-Lee nínú ìmọ̀ náà ti ronú kàn án. Ted Nelson ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fún irú àkọsílẹ̀ tó so kọ́ra bẹ́ẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, hypertext, ní ọdún 1965, fẹ́ kí líǹkì máa lọ kó sì máa bọ̀, kí ojú-ìwé tí wọ́n tọ́ka sí lè mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tọ́ka sí i. Ní Graz ní Austria, Hermann Maurer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ Hyper-G, tó ń kó gbogbo líǹkì pa mọ́ sí àyè ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá yọ ojú-ìwé kan, ètò náà mọ gbogbo ibi tó kàn, yóò sì tún un ṣe. Líǹkì ti Berners-Lee kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí ojú-ìwé ẹnikẹ́ni láì tọrọ àyè, ẹni tí wọ́n tọ́ka sí kò sì ní mọ̀. Bí onítọ̀hún bá kó ojú-ìwé rẹ̀ kúrò, líǹkì yóò wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Berners-Lee àti Robert Cailliau, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní CERN, kọ ìwé nípa iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí àpérò àwọn onímọ̀ hypertext tó wáyé ní San Antonio ní Texas ní oṣù kejìlá ọdún 1991, wọn kò gbà á. Àyè láti fi ẹ̀rọ náà han àwọn tó wá ni wọ́n fún wọn. Lójú àwọn àgbà ibẹ̀, iṣẹ́ náà ti fà sẹ́yìn.

Síbẹ̀, Berners-Lee ló jàre. Líǹkì tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lè ṣe kó má ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo ojú-ìwé ayé yóò forúkọ sílẹ̀ sí. Ta ni yóò máa tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè wo ni yóò wà, ta sì ni yóò ní àṣẹ láti sọ pé o kò gbọdọ̀ tọ́ka sí tèmi? Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè là láì gba àṣẹ a máa pọ̀ ju ọ̀nà ọba lọ, ṣùgbọ́n kì í ní ẹni tí ìlú yàn láti máa ro ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo ètò wẹ́ẹ̀bù láì san kọ́bọ̀. Matthew Gray ní MIT ka ìkànnì 130 ní oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 1996 fi máa pé, iye tó fojú díwọ̀n ti lé ní 200,000. Hyper-G tí líǹkì rẹ̀ kì í kú kò gba ayé kan bẹ́ẹ̀. Òmìnira tó mú kí wẹ́ẹ̀bù tàn kálẹ̀ àti àìlera tó ń mú kí líǹkì rẹ̀ kú, ìpinnu kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ kankan kò sì lè yà wọ́n. Ènìyàn nìkan ló lè ṣe ohun tí ètò náà mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣe.

HTTP, òfin tí búráúsà àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, sì ti pèsè sílẹ̀ fún ẹni náà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń jíṣẹ́. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni 404: ohun tí o ń wá, a kò rí i. Àwọn kan a máa pa ìtàn pé yàrá kan wà ní CERN tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 404, pé ibẹ̀ ni sáfà àkọ́kọ́ wà. Cailliau, tí iṣẹ́ náà ṣojú rẹ̀, ti sọ pé kò sóhun tó jọ ọ́. Ohun tó yẹ ká fiyè sí nínú nọ́ńbà náà ju ìtàn yàrá lọ. Èsì yòówù tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè ni ètò náà ka àṣìṣe sí. Èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀ ni ti sáfà. Bí àlejò bá tẹ líǹkì tí wọ́n fún un, tí kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀, òun ni ètò náà dá lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oní ìkànnì ló kó ojú-ìwé lọ láì wí fẹ́nìkan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àtiwí wà. Nínú HTTP/1.0 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, 301 wà níbẹ̀, tó ń sọ fún búráúsà pé ojú-ìwé yìí ti kó lọ sí àdírẹ́sì báyìí pátápátá, búráúsà yóò sì gbé àlejò débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1997, HTTP/1.1 fi 410 kún un, fún ojú-ìwé tí oní nǹkan mọ̀ọ́mọ̀ yọ tí kò sì ní dá padà. Ẹni tó bá lo 301 ti fọ̀nà han àlejò. Ẹni tó bá lo 410 ti sọ òtítọ́ fún un kó má baà máa wá a kiri. Ẹni tó fi àlejò sílẹ̀ fún 404 kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ọdún 1998 ni ọ̀rọ̀ náà wá di ọ̀rọ̀ ìwà ju ti ẹ̀rọ lọ. Berners-Lee kọ àròkọ kúkúrú kan sí ìkànnì W3C, àjọ tó ń darí òfin wẹ́ẹ̀bù, tó sì fi yé àwọn òǹkàwé pé àdírẹ́sì kì í fúnra rẹ̀ yí padà, àwọn ènìyàn ló ń yí i. Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò le. Gbogbo ohun tó bá lè yí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àdírẹ́sì: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nítorí ẹni náà lè fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n pín in sí, nítorí ìpín a máa yí, ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé àṣẹ̀ṣẹ̀kọ ni, nítorí kò ní jẹ́ àṣẹ̀ṣẹ̀kọ títí, àti lẹ́tà tó ń fi irú ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ti pa ọ̀pọ̀ líǹkì. Ojú-ìwé tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí .html di .asp nígbà tí ilé-iṣẹ́ ra ètò tuntun, ó tún di .php nígbà tí wọ́n tún ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo ẹni tó ti ń tọ́ka sí i fi pàdánù rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá ojú-ìwé sílẹ̀ ni Berners-Lee ní kí wọ́n fi sínú àdírẹ́sì, nítorí kò sí ọ̀gá tuntun tó lè yí i. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó fi ìrọ̀rùn àwọn tó ń lo ìkànnì ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, tọ́ka sí ìwádìí kan tó rí i pé nǹkan bíi 6 nínú 100 líǹkì orí wẹ́ẹ̀bù ló ti kú. Wẹ́ẹ̀bù kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà.

Bí ìmọ̀ràn náà bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò tẹ̀ lé e? Mo rò pé ìdáhùn wà nínú bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní webmaster ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe: òun ló ń kọ, òun ló ń tò, òun náà ló ń dáhùn lẹ́tà àwọn tó ṣìnà. Bí ìkànnì ṣe ń tóbi, wọ́n pín iṣẹ́ náà fún ayàwòrán, òǹkọ̀wé, onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn tó ń polówó. Nínú ìpín yìí, àdírẹ́sì àtijọ́ kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó a máa wà fún ìkànnì tuntun, ayẹyẹ a sì máa wà fún un. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ayẹyẹ nítorí líǹkì ọdún mẹ́wàá tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìkànnì àkọ́kọ́ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àdírẹ́sì tí Berners-Lee fún un kò fi gbé ojú-ìwé àkọ́kọ́ wá fún ẹnikẹ́ni. Ọdún 2013 ni CERN tó dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n sì rí lò jẹ́ ti ọdún 1992, nítorí pé orí èyí tó ṣáájú ni wọ́n ti ń kọ tuntun lé.

Ohun tí àìbìkítà yìí ń ná ènìyàn hàn kedere níbi tí ẹ̀rí ti ṣe pàtàkì jù. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí òfin kan tí ìpínlẹ̀ California ṣe nípa géèmù oníjàgídíjàgan. Adájọ́ Samuel Alito tọ́ka sí ìkànnì kan nínú èrò tirẹ̀ lórí ẹjọ́ náà. Nígbà tí oní ìkànnì yẹn kò san owó àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn rà á, ó sì kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láti fi han ẹni tó bá tọ ìtọ́kasí adájọ́ wá bí nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí padà. Onítọ̀hún ṣe àánú. Ì bá ti kọ irọ́ síbẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì máa kà á bí ẹni pé òun ni adájọ́ rí. Jonathan Zittrain, Kendra Albert àti Lawrence Lessig ti Harvard wá yẹ àwọn líǹkì inú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ náà wò, wọ́n sì rí i pé ìdajì wọn kò gbé òǹkàwé dé ohun tí adájọ́ tọ́ka sí mọ́. Nínú àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀ òfin tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní 70 nínú 100. Ìdájọ́ wà lórí bébà, ẹ̀rí tó gbé e ró ti lọ. Ilé ìkówèésí òfin Harvard dá Perma.cc sílẹ̀ ní ọdún 2013 nítorí èyí, kí òǹkọ̀wé lè fi ẹ̀dà ohun tó tọ́ka sí pa mọ́ lọ́jọ́ tó tọ́ka sí i. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew jábọ̀ pé nínú àwọn ojú-ìwé tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù ní ọdún 2013, 38 nínú 100 ni kò sí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àti pé ó lé ní ìdajì nínú àwọn ojú-ìwé Wikipedia tó ní líǹkì tó ti kú láàrin àwọn ìtọ́kasí rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀: ohun gbogbo ló ń kú, bébà náà ń jóná, ikán ń jẹ ẹ́, kí ló dé tí wẹ́ẹ̀bù yóò fi yàtọ̀? Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ojú-ìwé ló yẹ ní pípamọ́, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bébà ń gbà kú àti ọ̀nà tí ìkànnì ń gbà kú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwé ìròyìn tí míṣọ́nárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 dáwọ́ dúró ní ọdún 1867 nígbà rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, tí wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ parí, ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà ṣì wà ní ilé ìkówèésí dòní, nítorí pé nígbà tí ìjà dé, ó ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ojú-ìwé orí wẹ́ẹ̀bù kì í sí lọ́wọ́ àwọn tó kà á. Ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo ló wà. Ẹ wo GeoCities, níbi tí àìmọye ènìyàn ti kọ́ ìkànnì àkọ́kọ́ wọn, tí wọ́n pín sí àdúgbò àdúgbò. Yahoo rà á ní ọdún 1999 ní owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, wọ́n sì tì í pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Kò sí iná, kò sí ikán. Ilé-iṣẹ́ kan ló pinnu, ohun tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bíi Archive Team rí dà kọ kí ọjọ́ tó pé ló sì kù.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ ìṣàwárí ti tán ìṣòro náà: bí líǹkì bá kú, àlejò yóò lọ wá ohun tó fẹ́ lórí Google. Ìyẹn wúlò fún ẹni tó ń wá iye owó ìrẹsì. Kò wúlò fún ẹni tó ń wá ẹ̀dà kan pàtó tí adájọ́, dókítà tàbí òpìtàn tọ́ka sí, nítorí ẹ̀rọ ìṣàwárí kò lè rí ohun tí wọ́n ti yọ kúrò. Èyí tó lágbára jù nínú àtakò wọn ni ti Internet Archive, àkójọ ẹ̀dà ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco ní ọdún 1996, tó sì ṣí Wayback Machine fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ọpẹ́ tó yẹ kí aráyé dá fún iṣẹ́ yẹn kò kéré. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà kọlu ilé-iṣẹ́ náà, kò sì ṣeé lò fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá gbé gbogbo ẹrù ìtọ́jú nǹkan lé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti ìjọba tí owó ìtọrẹ sì ń bọ́, ti dá wẹ́ẹ̀bù padà sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ sọ: pé títọ́jú àdírẹ́sì àtijọ́ wọ́n jù. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa ìkànnì Directgov àti Business Link pọ̀ sí GOV.UK, àwọn ẹ̀ka ìjọba mìíràn sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn náà. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kó àdírẹ́sì àtijọ́ jọ, wọ́n sì sọ ibi tí àlejò kọ̀ọ̀kan yóò dé: sí ojú-ìwé tuntun bó bá wà, sí ẹ̀dà tó wà ní àkójọ ìwé àtijọ́ ìjọba bí kò bá sí. Àwọn tó ti tẹ àdírẹ́sì àtijọ́ sínú ìwé kò ní láti tún ìwé tẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, àkọsílẹ̀ ìlà lórí ìlà. Sùúrù ló ń gbà jù, owó kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù ni ìwé ìròyìn. Délé Olójèdé, tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2005, dá ìwé ìròyìn NEXT sílẹ̀ ní Èkó, ìkànnì rẹ̀ 234next.com sì wà lára àwọn tí àwọn ọmọ Nàìjíríà nílé lóko ń kà jù nígbà náà. Níbẹ̀ ni ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2010 nípa bí àìsàn Ààrẹ Umaru Yar'Adua ṣe le tó. Níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé Teju Cole ti ń kọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kógbá wọlé ní ọdún 2011, ìkànnì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn oníròyìn tí owó tán lọ́wọ́ wọn pé kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ wọn tọ́jú. Òfin ni kò yan ẹni náà. Òfin Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ Nàìjíríà ọdún 1970 pa á láṣẹ pé kí òǹtẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ohun tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkówèésí náà, ṣùgbọ́n ìwé orí bébà ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Ilẹ̀ Faransé fi ìkànnì kún irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹrin ọdún 2013, tí ilé ìkówèésí wọn fi ní àṣẹ láti máa da ìkànnì orílẹ̀-èdè wọn kọ láì dúró de oní nǹkan. Àwọn ìkànnì tó ń gbé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá lónìí wà ní ipò tí NEXT wà ní ọdún 2010. Ohun tí wọ́n nílò ni àdírẹ́sì tí ọ̀gá tuntun kò lè bàjẹ́, 301 nígbà tí wọ́n bá kó, àti òfin tí yóò fún ilé ìkówèésí ní Àbújá tàbí Ìbàdàn láṣẹ láti máa gba ẹ̀dà wọn nígbà tí owó ṣì ń wọlé fún wọn.